Kọ̀ǹpútà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ń gbóná janjan: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn ṣáá, mo bá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ sójú kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè o, torí àwọn tó le wà nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ yín ò sì ní débẹ̀ tí wàhálà yín á fi tán.

Dígírì mélòó ni kó dé kí n tó sọ pé processor mi ń gbóná jù?

Ó dá lórí ohun tẹ́ ẹ ń fi processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ṣe. Tí kọ̀ǹpútà bá kàn jókòó tẹ́ ò ṣí nǹkan kan, dígírì Celsius 35 sí 50 ò burú. Tẹ́ ẹ bá ń gbá gèèmù, 60 sí 80 lọ̀pọ̀ ẹ̀ máa ń wà. Tó bá wá jẹ́ iṣẹ́ agbára, irú iṣẹ́ tí gbogbo core (àwọn ẹ̀yà inú processor tó ń ṣiṣẹ́) máa ń ṣe pọ̀ bíi kẹ́ ẹ máa yí fídíò ńlá padà, 80 lọ sókè ò yà mí lẹ́nu rárá, pàápàá lórí processor àwọn ọdún àìpẹ́ yìí.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan kó sì wà ní 70, àbí kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ lé e lórí báyìí kó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kó ti fò dé òpin. Ìyẹn kì í ṣe ooru lásán mọ́, ooru ò rí ọ̀nà kúrò lára processor bọ́ sára kúlà (irin àti fáànù tó ń mú un tutù) ni.

Ẹ tún ka ooru yàrá mọ́ ọn. Tí yàrá yín bá fi dígírì 10 gbóná ju yàrá ẹlòmíì lọ, processor yín náà á fi nǹkan bíi 10 gbóná ju tiẹ̀, torí náà ẹ yéé fi nọ́ḿbà yín wé tẹlẹ́ni tẹ́ ò mọ irú yàrá tó wà.

Níbo ni mo ti máa rí nọ́ḿbà yẹn?

Lórí Windows, HWiNFO ni mo máa ń lò, Core Temp náà dáa. Lórí Linux, ẹ fi lm-sensors sí i kẹ́ ẹ tẹ sensors. Tó bá jẹ́ Intel, ibi tí wọ́n kọ CPU Package sí ni kẹ́ ẹ wò, tó bá jẹ́ AMD, ẹ wo Tctl/Tdie. BIOS (ojú sẹ́tíǹgì tẹ́ ẹ lè wọ̀ kí Windows tó ṣí) náà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ àmọ́ ẹ má fi tiẹ̀ ṣe ìdájọ́ kọ̀ǹpútà tó jókòó, torí nínú BIOS processor kì í sinmi bó ṣe máa ń sinmi nínú Windows, ó sábà máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi Cinebench R23, ètò tó ń gbé iṣẹ́ agbára lé processor, sí i fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ máa wo nọ́ḿbà. Prime95 Small FFTs le ju ìyẹn lọ fíìfíì, kò sí iṣẹ́ gidi kan tẹ́ ẹ máa ṣe tó máa fìyà jẹ processor tó bẹ́ẹ̀, ẹ má fi dẹ́rù ba ara yín.

Ṣé ó lè jóná bó ṣe ń gbóná yẹn?

Ó ṣòro. Processor ayé ìsinsìnyí mọ bó ṣe ń ṣọ́ ara ẹ̀. Tó bá ti dé òpin tí wọ́n fún un, ó máa dín eré ẹ̀ kù fúnra ẹ̀, tí ìyẹn ò bá tó, ó máa pa kọ̀ǹpútà pátápátá. Òpin yẹn jẹ́ 100 lórí Intel Core ìran kejìlá sí ìkẹrìnlá ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, 95 lórí ọ̀pọ̀ Ryzen 7000 ti AMD, 90 lórí Ryzen 7 5800X, 89 lórí Ryzen 7 7800X3D.

Àmọ́ pé kò ní jóná ò ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Owó eré ẹ̀ lẹ san, ẹ wá ń lo èyí tó ń fà lẹ́sẹ̀.

Mo tò ó tán, mo tàn án, ṣe ló kú fúnra ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ wo ìdí kúlà, ibi tó fi kan processor. Tí kúlà bá jẹ́ tuntun, náílọ̀nù fẹ́lẹ́ kan máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó bá ń kánjú ò ní rí i. Èmi náà ti jẹ ẹ́ rí. Kọ̀ǹpútà kejì tí mo tò láyé mi, mo tàn án, BIOS kọ 91, kò pẹ́ ó kú, mo tún un tàn ó tún kú, mo ti ń múra àtidá processor padà fẹ́ni tó tà á. Ìgbà tí mo tú kúlà, paste (ìpara tó ń gbé ooru láti ara processor sí kúlà) ti tẹ́ pẹrẹsẹ sórí náílọ̀nù, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ketekete pé kí n yọ ọ́ kí n tó dè é. Mo bò ó mọ́lẹ̀, n ò sọ fẹ́nì kankan fún ọdún kan gbáko.

Tí náílọ̀nù ò bá sí níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá fáànù kúlà ń yí, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ di kúlà mú kẹ́ ẹ mì ín díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ mì jégéjégé. Tó bá mì, ẹ̀gbẹ́ kan ò dè.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí kò náni ní nǹkan kan: ẹ fọwọ́ kan àwọn irin pẹlẹbẹ kúlà nígbà tí nọ́ḿbà wà ní 95. Tí kúlà bá tutù nini tí processor ń pariwo 95, wọn ò kan ara wọn dáadáa nìyẹn. Tí kúlà náà bá gbóná, ooru ń dé ibẹ̀, fáànù tàbí afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Báwo ni thermal paste ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó?

Èyí tó tó ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan, láàárín gbùngbùn. Tó bá jẹ́ processor Intel LGA1700 (orúkọ irú ibi ìjókòó processor lára bọ́ọ̀dù, ìyẹn motherboard), tó gùn ju ìbú ẹ̀ lọ, mo máa ń fà á ní ìlà kan kúkúrú tàbí kí n fi ìlẹ̀kẹ̀ méjì sí i. Kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ fi káàdì tẹ́ ẹ, kúlà fúnra ẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Àríyànjiyàn lórí bóyá X ló dáa jù àbí ìlà, dígírì kan sí méjì náà ni, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ jàre.

Tó bá pọ̀ jù, ohun tó sábà máa ṣe ni kó ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó sì máa dọ̀tí, èyí tó kéré jù ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Kúlà tó bá ti inú páálí wá pẹ̀lú paste nídìí ẹ̀ ò nílò òmíì lórí ẹ̀.

Mo yọ kúlà kí n lè wò ó. Ṣé mo lè dá a padà bẹ́ẹ̀?

Rárá. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sókè, afẹ́fẹ́ ti wọ inú paste nìyẹn. Ẹ nu ojú méjèèjì mọ́ pẹ̀lú isopropyl alcohol (èyí tó tó 90% lọ sókè) àti aṣọ tí kì í tú fọ́nrán, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi òmíì sí i.

Kẹ́ ẹ tó nù ún ṣá, ẹ wo bí èyí tó wà níbẹ̀ ṣe tẹ́. Ìwé ìròyìn nìyẹn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Tó bá tẹ́ fẹ́lẹ́ káàkiri, kúlà jókòó dáadáa. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá fẹ́lẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ kejì nípọn, ẹ dè é wọ́. Tí àárín bá ṣì rí gọ̀ǹgọ̀ bẹ́ ẹ ṣe fi sí i, kúlà ò tilẹ̀ kàn án.

Ẹ̀yin tó ń lo AM4 (ibi ìjókòó processor AMD, Ryzen 1000 dé 5000), ẹ rọra o! Processor yẹn ní abẹ́rẹ́ lábẹ́, paste lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ kúlà tó fi máa fà á tu kúrò nínú bọ́ọ̀dù tòun ti abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó gbóná, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tó wá rọra yí kúlà sọ́tùn-ún sósì, ẹ má fà á sókè gbà. AM5, èyí tó tẹ̀ lé e, ò ní wàhálà yìí, bọ́ọ̀dù ló ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe dè é kó lè dọ́gba?

Tó bá jẹ́ skúrù mẹ́rin, ẹ má de ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sí èkejì. Ẹ yí ọ̀kan díẹ̀, ẹ bọ́ sí èyí tó wà ní igun tó dojú kọ ọ́, ẹ yí òun náà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo wọn á fi dúró.

Kúlà tó máa ń bá Intel wá nínú páálí ló máa ń dá èèyàn lágara jù, èyí tó ní ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rin tí wọ́n ń tì wọlé. Ẹ tì wọ́n ní méjì méjì tó dojú kọra, ẹ máa gbọ́ kà. Ẹ má gba ohùn yẹn gbọ́ nìkan o, ẹ yí bọ́ọ̀dù padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀: ẹsẹ̀ funfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ti yọ síta, kí pín-ìn-nì dúdú sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí wọlé, ìkẹrin á kàn fara tì í.

Kúlà mi àtijọ́ ṣì dáa. Ṣé mo lè lò ó lórí bọ́ọ̀dù tuntun?

Lórí Intel, ihò tí wọ́n ń de kúlà sí lórí LGA1700 jìnnà síra ju ti LGA1200 tó wà ṣáájú ẹ̀ lọ, 78mm sí 75mm, processor ibẹ̀ sì kúrú sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ gba irin ìdè tó jẹ́ ti LGA1700 lọ́wọ́ àwọn tó ṣe kúlà yín. Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tó gbẹ́ ihò méjèèjì, kúlà àtijọ́ á sì wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ kò ní tẹ processor bó ṣe yẹ.

AM4 sí AM5, ihò kan náà ni. Ohun kan tó yàtọ̀ ni pé irin ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù AM5 kì í yọ, torí náà kúlà tó bá fẹ́ lo irin ẹ̀yìn tiẹ̀ ò ní bá a mu.

Ó ń kọ "CPU Fan Error" fún mi nígbà tí mo bá tàn án.

Ẹ ti ki wáyà fáànù kúlà bọ ibòmíì. Ibi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí lára bọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe SYS_FAN tàbí CHA_FAN, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀dù ń wò kó tó gbà pé kúlà wà. Ẹ ka iye ihò ẹnu wáyà náà nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀: mẹ́rin jẹ́ PWM, mẹ́ta jẹ́ DC (ọ̀nà méjì tí bọ́ọ̀dù ń gbà darí eré fáànù), kẹ́ ẹ rí i pé èyí tẹ́ ẹ yàn nínú BIOS bá a mu.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kúlà ló ní wàhálà àbí káàsì ni kò mí?

Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ káàsì sílẹ̀ gbayawu, kẹ́ ẹ tún ìdánwò kan náà ṣe. Tí nọ́ḿbà bá já wálẹ̀ dáadáa, dígírì 8 sí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, káàsì ló ń pa á. Tí kò bá yí padà, ẹ ti ẹ̀gbẹ́ padà, wàhálà yín wà lára kúlà tàbí nínú sẹ́tíǹgì. Ìdánwò yìí ni mo máa ń ní kẹ́ni tó bá fẹ́ ra fáànù mẹ́fà kọ́kọ́ ṣe.

Fáànù gbọ́dọ̀ kọjú síbo?

Iwájú àti ìsàlẹ̀ máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ̀yìn àti òkè máa tì í jáde. Ojú fáànù tẹ́ ẹ ti rí àwọn ọwọ́ rọ́bà tó di mọ́tò àárín mú ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Tó bá rú yín lójú, ẹ mú tíṣù pélébé kan sún mọ́ ọn, tó bá fà á mọ́ra ẹ̀ ibẹ̀ ni ẹnu, tó bá fẹ́ ẹ dànù ibẹ̀ ni ìdí.

Fáànù orí kúlà náà gbọ́dọ̀ máa fẹ́ lọ sápá ẹ̀yìn káàsì. Mo ti rí èyí tí fáànù kúlà àti fáànù ẹ̀yìn dojú kọ ara wọn bí ẹni ń jà, tí olówó ẹ̀ sì ń bi mí léèrè paste tó dáa jù.

Kúlà olómi ni mo rà, ó ṣì ń gbóná.

Ẹ wo pọ́ǹpù kẹ́ ẹ tó wo rédíétọ̀, ibi tí omi ti ń tú ooru dànù. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ máa sáré ní 100% nígbà gbogbo, ẹ má jẹ́ kí BIOS máa dín in kù bíi fáànù. Ẹ fọwọ́ kan páìpù méjèèjì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́: tí ọ̀kan bá gbóná janjan tí èkejì tutù, omi ò rìn. Tí méjèèjì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí processor sì wà ní 100, omi ń rìn, ìdí kúlà ni kò kan processor.

Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ gbùlù-gbùlù, afẹ́fẹ́ ti wọ pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó ga jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ibi tó ga jù lafẹ́fẹ́ máa ń sá lọ. Ẹ fi rédíétọ̀ sókè káàsì, tó bá sì jẹ́ iwájú lẹ fẹ́ fi sí, orí rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ ga ju pọ́ǹpù lọ.

Nọ́ḿbà ń fò láti 40 sí 60 padà sí 40, fáànù ń pariwo ó ń dákẹ́, n ò sì ṣe nǹkan kan.

Ryzen ló máa ń ṣe báyìí jù. Ohun kékeré kan tẹ́ ẹ ṣí, kódà ẹ fa máòsì lásán, core kan á sáré sókè ṣe é tán kó tún lọ jókòó, ooru á sì bá a fò. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́.

Ariwo lẹ lè tún ṣe. Nínú BIOS, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń to eré fáànù, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ títí dé 60 tàbí 65, kẹ́ ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún kó tó dáhùn sí ooru tó yí padà.

Ryzen 7000 ni mo ní, kúlà mi tóbi, mo dè é dáadáa, síbẹ̀ 95 ló ń lọ tó bá ń ṣiṣẹ́ agbára.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Àwọn tó ń jẹ agbára nínú ìran yẹn, bíi 7950X, láti ìgbà tó ti jáde ní 2022 ni AMD ti sọ pé 95 kì í ṣe àìsàn fún un. Ó máa ń sáré títí ooru tàbí agbára iná á fi dá a dúró. Kúlà tó dáa jù á jẹ́ kó sáré díẹ̀ sí i, nọ́ḿbà lè má kúrò lójú kan.

Tí ara yín ò bá gbà á, ẹ lọ sí BIOS kẹ́ ẹ tan Eco Mode, sẹ́tíǹgì tó ń dín iná tí processor ń gbà kù. 7950X máa ń gba iná tó wáàtì 230 bí wọ́n ṣe ṣe é, Eco Mode wáàtì 65 máa mú un wálẹ̀ sí 88. Ooru á já wálẹ̀ gan-an, eré ẹ̀ nínú gèèmù ò sì ní dín kù tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Èmi ò tíì dá tèmi padà látìgbà tí mo ti tan án.

Intel i7 tàbí i9, ó dé 100 lójú ẹsẹ̀, kúlà olómi tí rédíétọ̀ ẹ̀ jẹ́ 360mm ni mo sì lò.

Sẹ́tíǹgì bọ́ọ̀dù ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Mú i9-13900K: Intel kọ wáàtì 125 fún un ní ìpìlẹ̀ àti 253 tó bá ń sáré tete, àmọ́ ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló máa ń ṣí òpin yẹn sílẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n lè ta yọ nínú ìdánwò. Nínú BIOS ẹ máa rí i tí wọ́n kọ 4096 síbẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí òpin. Kúlà wo ló fẹ́ gbé ìyẹn?

Ẹ wá PL1 (òpin wáàtì ti ìpìlẹ̀) àti PL2 (òpin ti ìgbà tó bá ń sáré), ẹ fi nọ́ḿbà Intel síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa ohun tí wọ́n ń pè ní Multi-Core Enhancement, òun náà máa ń ṣí òpin. Bọ́ọ̀dù míì máa ń béèrè irú kúlà tẹ́ ẹ ní nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tàn án, ẹni tó bá yan kúlà omi torí pé ó wù ú ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí òpin yẹn. Kódà i5-12400 kékeré tí wọ́n kọ 65 sí lára lè gba wáàtì 117 tó bá ń sáré, ẹ má fi 65 yẹn yan kúlà.

Wọ́n ní kí n ṣe undervolt. Kí ni, ṣé ó léwu?

Kẹ́ ẹ dín fóltéèjì tí processor ń gbà kù díẹ̀ ni, kó máa ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú iná tó kéré. Kò lè jó o. Tó bá pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà á dì pa tàbí kó tún ara ẹ̀ tàn, ẹ kàn dá a padà díẹ̀ ni.

Lórí Ryzen 5000 lọ sókè, Curve Optimizer ni wọ́n ń pè é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí -10, ẹ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí -15 tàbí -20. Ẹ má torí pé ọ̀rẹ́ yín ń lo -30 fi ti tiyín débẹ̀, processor méjì tí wọ́n kọ orúkọ kan náà sí lára kì í dọ́gba. Ẹ sì tún mọ̀ pé ìgbà tí kọ̀ǹpútà jókòó jẹ́ẹ́ ló sábà máa ń kú tí undervolt bá pọ̀ jù, kì í ṣe ìgbà iṣẹ́ agbára, torí náà Cinebench tó parí láyọ̀ ò tíì jẹ́ ẹ̀rí.

Core i9 ìran kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá mi ń dá gèèmù dúró. Ṣé ooru ni?

Ó lè má jẹ́ ooru. Ní 2024, Intel gbà pé fóltéèjì tó ga jù ń ba àwọn kan nínú àwọn ìran méjèèjì yìí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé microcode (àṣẹ inú processor tó ń darí bó ṣe ń ṣiṣẹ́) 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, 0x12B sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án. Inú BIOS tuntun ló máa ń wà, ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun míì. Èyí tó bá ti bàjẹ́ ò ní tipasẹ̀ ẹ̀ sàn o, àmọ́ Intel fi ọdún méjì kún wáráńtì àwọn tí ọ̀rọ̀ yẹn kàn, ẹ lọ gba tiyín.

Liquid metal ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ju paste lọ.

Irin tó ń ṣàn ni, wọ́n ń lò ó dípò paste, ó sì jù ú lóòótọ́. Ó tún máa ń gbé iná, ìkán ẹ̀ kan tó bá bọ́ sórí bọ́ọ̀dù lè pa gbogbo ẹ̀, gallium inú ẹ̀ sì máa ń jẹ aluminium, torí náà kúlà tí ìdí ẹ̀ bá jẹ́ aluminium ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ẹ̀ tó ń bi mí léyìí, mo máa ń bi í padà pé ṣó ti wo náílọ̀nù.

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Ìgbà wo ni kí n gbà pé nǹkan ló bàjẹ́?

Tẹ́ ẹ bá ti dè é lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú paste tuntun, tí paste àkọ́kọ́ tẹ́ dáadáa nígbà tẹ́ ẹ tú u, tí òpin wáàtì wà bó ṣe yẹ, tẹ́ ẹ ti ṣí káàsì tí nǹkan kan ò yí padà, ẹ yá kúlà míì, kódà kó jẹ́ èyí kékeré. Tí nọ́ḿbà bá já wálẹ̀, kúlà yín ló kú, pọ́ǹpù ló sábà máa ń jẹ́ tó bá jẹ́ olómi. Tí kò bá já, ó wá ku processor àti bọ́ọ̀dù, ẹ ya fọ́tò bí paste ṣe tẹ́ àti nọ́ḿbà HWiNFO kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sẹ́ni tó tà á fún yín, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni bóyá ẹ yọ náílọ̀nù.